Láti Inú Omidùn Dé Orí DNA: Ìtọ́sọ́nà fún Akẹ́kọ̀ọ́ Báyótẹ̀kì Lórí Bí A Ṣe Ń Dá Bakitéríà Inú Ògì Mọ̀

Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ẹ̀ka báyótẹ̀kì ní yunifásítì sábà máa ń bá ẹ̀kọ́ méjì pàdé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: wọ́n á kọ́ ọ nípa àwọn ohun alààyè àìfojúrí ní kíláàsì kan, wọ́n á kọ́ ọ nípa àbùdá àti DNA ní kíláàsì mìíràn, olùkọ́ tibí kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ dárúkọ iṣẹ́ tọ̀hún. Lẹ́nu iṣẹ́, ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo ni méjèèjì. DNA tí ẹ fẹ́ kà lọ́jọ́ Ẹtì, inú àwo tí ẹ fi bakitéríà sí lọ́jọ́ Ajé ló ti wá, bí bakitéríà inú àwo náà bá sì ti dàrú mọ́ òmíràn, kò sí ẹ̀rọ olówó gọbọi kankan tó lè yà wọ́n nípá fún yín mọ́.

Nítorí náà, ohun kan ṣoṣo ni ìtọ́sọ́nà yìí yóò tọ ipa rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: omidùn, ìyẹn omi kíkan tó máa ń wà lórí ògì tó ti tòrò. A ó mú bakitéríà kan jáde láti inú rẹ̀, a ó wádìí irú èyí tó jẹ́, a ó fa DNA rẹ̀ yọ, a ó sì ka apá kan nínú DNA náà. Bí a bá ṣe ń lọ, mo fẹ́ kí ẹ máa bi ara yín léèrè ohun tí ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan lè sọ àti ohun tí kò lè sọ, torí pé ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ àṣekágbá ti máa ń kọsẹ̀.

Mo yan ògì nítorí pé oúnjẹ ni, àwọn bakitéríà tó sì pọ̀ jù nínú rẹ̀ kì í ṣe èyí tó ń dá àìsàn sí ẹni tí ara rẹ̀ le lára. Ó tún wà ní gbogbo ọjà, ìwádìí lórí rẹ̀ sì ti pẹ́ ní Nàìjíríà. Ilé iṣẹ́ ìwádìí FIIRO ní Òṣòdì, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1956, wà lára àwọn tó ti ṣiṣẹ́ lórí ògì àti ògì tí a fi ẹ̀wà sóyà kún. Síbẹ̀, inú lábù ni kí ẹ ti ṣe iṣẹ́ yìí, kì í ṣe nínú ilé ìdáná, nítorí pé oúnjẹ tí a fi ń bọ́ bakitéríà nínú àwo kì í mọ èyí tó dára yàtọ̀ sí èyí tí kò dára.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ìkòkò

Bí ìyá ológì bá rẹ àgbàdo fún ọjọ́ kan sí mẹ́ta, tó lọ̀ ọ́, tó sẹ́ ẹ kí èèrí lè yà sọ́tọ̀, tó sì fi í sílẹ̀ kó tòrò kó sì kan, kò da ohunkóhun sí i láti mú un kan. Àwọn ohun alààyè tó wà lára àgbàdo, nínú omi àti lára ìkòkò ló ṣe iṣẹ́ náà. Oríṣiríṣi ni wọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ásíìdì bá ṣe ń pọ̀ sí i tí pH, ìwọ̀n tó máa ń rẹlẹ̀ bí nǹkan bá ṣe ń kan sí i, sì ń lọ sílẹ̀ sí nǹkan bí 4, àwọn tí kò lè fara da ásíìdì á máa kú tàbí kí wọ́n má lè pọ̀ sí i mọ́, àwọn bakitéríà tó ń ṣe ásíìdì láktíìkì á wá gba ìkòkò náà. Èyí tí àwọn olùwádìí máa ń bá pàdé jù nínú ògì ni Lactobacillus plantarum, tí orúkọ rẹ̀ yí padà sí Lactiplantibacillus plantarum ní ọdún 2020. Ẹ ó rí orúkọ méjèèjì nínú ìwé, ẹ̀dá kan náà ni. Yíìsì bíi Saccharomyces cerevisiae náà máa ń wà níbẹ̀, a ó sì rí i láìpẹ́ pé ó lè dí iṣẹ́ yín lọ́wọ́.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ pèsè ágà àti omi iyọ̀

Oúnjẹ tí a ń lò fún irú bakitéríà yìí ni MRS, tí orúkọ rẹ̀ wá láti ara de Man, Rogosa àti Sharpe tí wọ́n gbé e jáde ní ọdún 1960. Ṣúgà wà nínú rẹ̀ dáadáa, sodium acetate inú rẹ̀ sì ń dá ọ̀pọ̀ bakitéríà mìíràn lẹ́kun. Ẹ wọn ìyẹ̀fun rẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára ìgò, ẹ pò ó mọ́ omi distilled, kí ẹ gbé e sínú autoclave, ẹ̀rọ tó ń fi ooru líle pa gbogbo kòkòrò, ní dígírì 121 fún ìṣẹ́jú 15. Ẹ ṣe omi iyọ̀ pẹ̀lú, gíráàmù 8.5 nínú lítà omi kan, ẹ pín in sínú àwọn túùbù, mìlílítà 9 sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì gbé e sínú autoclave bákan náà.

Kí ló dé tí omi híhó lásán kò fi tó? Àwọn bakitéríà kan, pàápàá ìdílé Bacillus, máa ń ṣe spore, ìyẹn irúgbìn líle kan tó lè la omi tó ń hó ní dígírì 100 kọjá láìkú. Agbára èéfín omi gbígbóná tí a há mọ́ inú autoclave ló ń jẹ́ kí ooru ga dé 121, níbi tí àwọn irúgbìn náà kò ti lè dúró. Ìkòkò pírẹ́ṣọ̀ tó bá lè gbé ìwọ̀n 15 psi ró náà lè dé ibẹ̀ bí autoclave bá bàjẹ́.

Nígbà tí ágà bá ti tutù dé bí dígírì 50, tí ẹ lè fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ìgò náà láìjó yín, ẹ dà á sínú àwo Petri, mìlílítà 15 sí 20 fún àwo kan. Ágà fúnra rẹ̀ kì í ṣe oúnjẹ fún bakitéríà wọ̀nyí, òun ló kàn ń mú kí oúnjẹ náà dì. Kó tó di ìlò, gelatin ni wọ́n ń fi ṣe é ní lábù Robert Koch ní Berlin, gelatin sì máa ń yọ́ ní ìwọ̀n ooru ara ènìyàn. Fanny Hesse, tí ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ló dá a lábàá ní nǹkan bí ọdún 1881 pé kí wọ́n lo ágà tí òun fi ń se oúnjẹ dídì nílé. Ágà kì í yọ́ títí tí ooru á fi kọjá dígírì 80. Títí dòní, kò sí èyí tó tó o.

Ẹ kọ orúkọ, ọjọ́ àti nọ́ńbà sí ìsàlẹ̀ àwo, ẹ má ṣe kọ ọ́ sí ọmọrí, nítorí ọmọrí àwo méjì lè ṣi ara wọn gbé. Kí ẹ sì fi àwo kan sílẹ̀ láìfi ohunkóhun sí i, ṣùgbọ́n kí ẹ gbé e sínú incubator, àpótí tí ìwọ̀n ooru rẹ̀ kì í yí padà, pẹ̀lú àwọn yòókù. Bí nǹkan bá hù nínú àwo yẹn, ọwọ́ yín tàbí ágà yín ló ní àbùkù, gbogbo àwo ọjọ́ náà sì di ohun tí a kò lè gbẹ́kẹ̀ lé.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ là á

Mìlílítà omidùn kan lè ní mílíọ̀nù lọ́nà ọ̀pọ̀lọpọ̀ bakitéríà. Bí ẹ bá dà á sórí ágà bẹ́ẹ̀, pẹrẹsẹ kan ṣoṣo ni yóò hù, ẹ kò ní lè ka nǹkan kan. Ẹ fi pipẹ́ẹ̀tì mú mìlílítà 1 omidùn sínú túùbù omi iyọ̀ àkọ́kọ́, ẹ gbọ̀n ọ́n dáadáa, ẹ pààrọ̀ ẹnu pipẹ́ẹ̀tì, kí ẹ mú mìlílítà 1 láti inú èyí sínú túùbù kejì, kí ẹ máa ṣe bẹ́ẹ̀ lọ títí dé ìkeje. Túùbù kọ̀ọ̀kan fẹ́lẹ́ ju èyí tó ṣáájú rẹ̀ lọ ní ìlọ́po 10. Ẹ tẹ́ mìlílítà 0.1 láti inú túùbù karùn-ún, ìkẹfà àti ìkeje sórí àwo MRS, ẹ kó wọn sínú àpótí tí atẹ́gùn kò pọ̀ nínú rẹ̀, kí ẹ sì fi wọ́n sílẹ̀ ní dígírì 30 sí 37 fún wákàtí 48.

Àwo tí kọ́lọ́nì inú rẹ̀, ìyẹn àwọn òkìtì bakitéríà kéékèèké tó hù lórí ágà, bá wà láàárín 30 sí 300 ni ẹ máa kà. Tó bá kéré sí 30, orí ire tàbí àṣìṣe kékeré lè yí iye náà padà jù. Tó bá ju 300 lọ, kọ́lọ́nì á ti máa bo ara wọn mọ́lẹ̀. Ká ní ẹ ka kọ́lọ́nì 86 lórí àwo túùbù karùn-ún. Mìlílítà 0.1 ló mú 86 jáde, mìlílítà 1 á mú 860 jáde. A ti la omidùn náà ní ìlọ́po 100,000, nítorí náà iye tó wà nínú mìlílítà omidùn kan jẹ́ 860 lọ́nà 100,000, ìyẹn 86,000,000, tí a ń kọ báyìí: 8.6 × 10⁷ CFU/mL. CFU (colony-forming unit, ìyẹn ohun tó lè di kọ́lọ́nì) ni ẹ máa kọ, ẹ má kọ iye bakitéríà, nítorí pé kọ́lọ́nì kan lè bẹ̀rẹ̀ láti ara bakitéríà méjì tàbí mẹ́ta tó so mọ́ra. Àti pé èyí tó bá ti kú, tàbí tí kò fẹ́ràn MRS, kò sí nínú kíkà yín rárá.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ yọ ẹyọ kan sọ́tọ̀

Ìgbésẹ̀ yìí ni mo fẹ́ kí ẹ dúró lé lórí jù. Ẹ yan kọ́lọ́nì kan tó dá dúró. Ẹ mú lúùpù, ìyẹn wáyà tó ní òrùka kékeré lẹ́nu, ẹ gbé e sójú iná títí wáyà rẹ̀ á fi pọ́n yòò láti ìdí dé ẹnu, kí ẹ wá fi kan etí ágà tí kò sí nǹkan lórí rẹ̀ kó lè tutù. Ẹ ó gbọ́ bó ṣe máa ṣẹ́ “ṣíì”. Bí ẹ kò bá jẹ́ kó tutù, ẹ ó jó bakitéríà náà pa. Ẹ fi ẹnu lúùpù kan kọ́lọ́nì náà fẹ́ẹ́rẹ́, kí ẹ fà á sẹ́yìn sọ́wájú ní ìdá mẹ́rin àkọ́kọ́ àwo tuntun. Ẹ tún fi lúùpù jóná, ẹ jẹ́ kó tutù, ẹ yí àwo náà, kí ẹ fà láti etí ìlà àkọ́kọ́ bọ́ sí ìdá kejì lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta péré. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìdá kẹta àti ìkẹrin. Ohun tí ẹ ń ṣe ni pé ẹ ń dín bakitéríà tó wà lẹ́nu lúùpù kù nígbà kọ̀ọ̀kan, títí tó fi jẹ́ pé ní ìdá tó gbẹ̀yìn, ẹyọ kọ̀ọ̀kan á bọ́ síbi tirẹ̀, á sì di kọ́lọ́nì tirẹ̀. Ẹni tó bá gbàgbé láti fi lúùpù jóná láàárín ìdá kan sí ìkejì kò dín nǹkan kan kù.

Ọwọ́ tó bá fúyẹ́ ló ń ṣe èyí dáadáa. Bí ẹ bá tẹ lúùpù jù, ágà á ya. Àwo yóò dorí kodò nínú incubator kí omi ara ọmọrí má baà kán sórí kọ́lọ́nì kó sì tàn wọ́n ká.

Kọ́lọ́nì tó dá dúró lójú yín lè má dá dúró ní tòótọ́, torí bakitéríà méjì lè hù pọ̀ lójú kan. Ẹ tún un fà lórí àwo tuntun lẹ́ẹ̀mejì sí i ó kéré tán, títí gbogbo kọ́lọ́nì á fi rí bákan náà ní àwọ̀, ní ìwọ̀n àti ní etí. Mo mọ̀ pé ó máa ń sú ènìyàn, nítorí pé ọjọ́ méjì ló ń gbà nígbà kọ̀ọ̀kan, ọ̀gá sì ń béèrè èsì. Àmọ́ gbogbo ohun tó kù nínú iṣẹ́ yìí, orí èyí ló dúró lé.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: àwọ̀ Gram àti àwọn àyẹ̀wò kékeré

Hans Christian Gram, dókítà ará Denmark, ló gbé ọ̀nà àwọ̀ yìí jáde ní ọdún 1884, a ṣì ń lò ó lójoojúmọ́. Ẹ tẹ́ bakitéríà díẹ̀ nínú ẹ̀kán omi kan sórí gíláàsì, ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ là á kọjá lójú iná lẹ́ẹ̀mẹta kó lè lẹ̀. Ẹ da crystal violet sí i fún ìṣẹ́jú kan, ẹ fi omi ṣàn án. Ẹ da iodine sí i fún ìṣẹ́jú kan, ẹ ṣàn án. Ẹ wá fi ọtí ethanol fọ̀ ọ́ títí omi tó ń kán sílẹ̀ kò fi ní àwọ̀ mọ́, kí ẹ tètè fi omi ṣàn án. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ da safranin sí i fún ìṣẹ́jú kan.

Ibi ethanol ni ohun gbogbo wà. Bakitéríà Gram-positive ní ògiri peptidoglycan tó nípọn, tó máa ń há àwọ̀ elésè àlùkò náà mọ́. Ti Gram-negative tín-ín-rín, awọ ọlọ́ràá tó bò ó lóde á sì yọ́ nínú ọtí, àwọ̀ náà á jáde, safranin á wá sọ ọ́ di pupa rẹ́súrẹ́sú. Bí ẹ bá jẹ́ kí ethanol pẹ́ jù, Gram-positive náà á pàdánù àwọ̀ rẹ̀, ẹ ó sì kọ irọ́ sínú ìwé. Ẹ fi òróró sí i, kí ẹ wò ó ní ìlọ́po 1000 lábẹ́ máíkírósíkóòpù. L. plantarum yóò hàn bí ọ̀pá kúkúrú elésè àlùkò. Bí ẹ bá rí ohun rìbìtì tó tóbi jù ú lọ fíìfíì, tí àwọn kan ń yọ ọmọ lára, yíìsì nìyẹn. Ó fẹ́ràn MRS bíi bakitéríà, ẹ sì ní láti padà sí ìgbésẹ̀ kẹta.

Ẹ kán hydrogen peroxide 3% sórí kọ́lọ́nì tí ẹ gbé sórí gíláàsì. Bí kò bá hó, kò ní catalase, ẹ́ńsáìmù tó ń tú hydrogen peroxide ká, bẹ́ẹ̀ sì ni ó ṣe yẹ kó rí fún bakitéríà ásíìdì láktíìkì. Ọ̀pá elésè àlùkò tí kò ní catalase, tó sì hù dáadáa lórí MRS, ti wà nínú ìdílé tí à ń wá, ṣùgbọ́n àwọn ìyekan rẹ̀ pọ̀, ojú lásán kò sì lè yà wọ́n. Kí ẹ tó lọ síwájú, ẹ pò díẹ̀ nínú bakitéríà yín mọ́ glycerol 20% kí ẹ fi pamọ́ sínú fírísà dígírì -80. Nígbà tí èsì bá dé lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ó yẹ kí ẹ̀dá tí èsì náà ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣì wà láàyè.

Ohun tí ó yẹ kí ẹ mọ̀ nípa DNA kí ẹ tó fọwọ́ kàn án

Bakitéríà ló kọ́ ayé pé DNA ni ó ń gbé àbùdá láti ìran dé ìran. Ní ọdún 1928, Frederick Griffith fi bakitéríà tó ń fa àrùn àyà, èyí tó ti fi iná pa, pọ̀ mọ́ irú rẹ̀ tó wà láàyè tí kò lè pa eku, eku tó gún lábẹ́rẹ́ náà sì kú. Nǹkan kan ti kọjá láti ara òkú sí ara alààyè. Ní ọdún 1944, Avery, MacLeod àti McCarty fi hàn pé DNA ni nǹkan náà. Nígbà tí Watson àti Crick fi máa sọ bí DNA ṣe rí ní ọdún 1953, tí àwòrán X-ray láti ọwọ́ Rosalind Franklin àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì ràn wọ́n lọ́wọ́, a ti mọ ohun tó ń ṣe.

Okùn méjì tó lọ́ mọ́ra ni DNA, lẹ́tà mẹ́rin ló sì wà lára rẹ̀: A, T, G àti C. A máa ń dojú kọ T, G máa ń dojú kọ C. Ìdè háídrójìn méjì ló wà láàárín A àti T, mẹ́ta ló wà láàárín G àti C, nítorí náà ibi tí G àti C bá pọ̀ sí máa ń fẹ́ ooru púpọ̀ kí okùn méjèèjì tó ya ara wọn. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a ó lò ó láti fi ṣírò.

Apá DNA tó gbé ìlànà iṣẹ́ kan ni a ń pè ní jíìnì. Nínú L. plantarum, jíìnì ldhL àti ldhD ló gbé ìlànà fún ẹ́ńsáìmù lactate dehydrogenase, tó ń sọ pyruvate di ásíìdì láktíìkì. RNA polymerase á da jíìnì náà kọ sí mRNA, ribosome á wá máa ka mRNA yìí ní lẹ́tà mẹ́ta mẹ́ta, á sì máa so amino acid pọ̀ títí tó fi di purotéènì. Ọ̀rọ̀ onílẹ́tà mẹ́ta 64 ló wà: 61 ń pe amino acid, 3 ń dá iṣẹ́ dúró. Nítorí pé bakitéríà kò ní nucleus, ribosome máa ń bẹ̀rẹ̀ kíkà kí mRNA tó parí. Kíkan tí ẹ ń tọ́ wò nínú ẹ̀kọ mímu, iṣẹ́ jíìnì wọ̀nyẹn ni.

Jíìnì tí a fẹ́ kà yàtọ̀ díẹ̀, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ sì máa ń ṣì í. Jíìnì 16S rRNA kì í di purotéènì. RNA tó ti ara rẹ̀ wá gan-an ló ń ṣiṣẹ́, ó jẹ́ apá kan lára ribosome. Nítorí pé kò sí bakitéríà tó lè wà láàyè láìní ribosome, gbogbo wọn ló ní in, ó sì gùn tó lẹ́tà 1,500. Ó dà bí oríkì orílẹ̀, tó jẹ́ pé ẹsẹ kan wà tí gbogbo ọmọ orílẹ̀ náà jọ ń jẹ́, tí ìdílé kọ̀ọ̀kan sì ní ẹsẹ tirẹ̀ láàárín. Ibi tó jọra ni primer wa, ìyẹn ègé DNA kúkúrú tó ń fi ibi tí dídàkọ yóò ti bẹ̀rẹ̀ hàn, yóò dì mú, ibi tó yàtọ̀ ni yóò sọ ẹni tí bakitéríà náà jẹ́. Orí irú RNA yìí ni Carl Woese àti George Fox gbé iṣẹ́ wọn ní ọdún 1977, tí wọ́n fi fi hàn pé archaea, ẹgbẹ́ ohun alààyè àìfojúrí kan, kì í ṣe bakitéríà.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ fa DNA yọ

Ẹ hu bakitéríà yín nínú omi MRS di ọjọ́ kejì, ẹ gbé mìlílítà 1.5 sínú ẹ̀rọ centrifuge kó lè rọ̀ sílẹ̀, ẹ da omi orí rẹ̀ nù. Ògiri nípọn tó há àwọ̀ Gram mọ́ ló tún máa dínà mọ́ yín báyìí: ohun èlò tó ń fọ́ E. coli wẹ́rẹ́ lè má ràn yín lọ́wọ́ rárá níbí. Ẹ pò bakitéríà náà sínú TE (omi tó ní Tris àti EDTA) pẹ̀lú lysozyme, ẹ́ńsáìmù tó ń gé peptidoglycan, ní dígírì 37 fún ìṣẹ́jú 30 sí wákàtí kan. Lẹ́yìn náà ni SDS, tó jẹ́ irú ọṣẹ kan, yóò tú awọ ọlọ́ràá ká, proteinase K yóò sì jẹ purotéènì run ní dígírì 55. EDTA tó wà nínú TE ń gba magnesium mọ́ àwọn ẹ́ńsáìmù tó ń jẹ DNA lọ́wọ́, wọn kò sì lè ṣiṣẹ́ láìsí i.

Bí ẹ bá ti yọ purotéènì kúrò, yálà pẹ̀lú phenol àti chloroform lábẹ́ fume hood tàbí pẹ̀lú ohun èlò onítúùbù tí wọ́n ń tà, ẹ fi sodium acetate àti ethanol tútù sí omi tó kù. Sodium á pa agbára òdì tó wà lára DNA, ethanol á lé omi kúrò lára rẹ̀, DNA á wá ṣù jọ. Ẹ fi ethanol 70% fọ iyọ̀ kúrò, ẹ jẹ́ kó gbẹ, kí ẹ yọ́ ọ nínú máíkírólítà 50 TE tàbí omi mímọ́. Ẹ má ṣe kánjú níbi gbígbẹ o: ethanol tó bá kù máa ń dá PCR, ọ̀nà tí a ó fi sọ DNA náà di púpọ̀, dúró.

Ẹ wọ̀n ọ́n lórí ẹ̀rọ ìmọ́lẹ̀. DNA máa ń gba ìmọ́lẹ̀ 260 nm, purotéènì ń gba 280; bí ẹ bá pín èkíní sí èkejì tó jẹ́ nǹkan bí 1.8, DNA yín mọ́. Tó bá rẹlẹ̀ gan-an sí i, purotéènì tàbí phenol ṣì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n RNA náà ń gba 260, ẹ̀rọ kò sì lè sọ irú bakitéríà tó ni DNA náà. DNA bakitéríà méjì tó pò pọ̀ á fún yín ní 1.8 tó rẹwà.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: PCR

Kary Mullis ló ronú kan PCR ní ọdún 1983, ó sì gba ẹ̀bùn Nobel fún un ní ọdún 1993. Ẹ́ńsáìmù Taq tó ń ṣe iṣẹ́ náà wá láti ara Thermus aquaticus, bakitéríà kan tí Thomas Brock àti Hudson Freeze rí nínú omi gbígbóná ní Yellowstone ní Amẹ́ríkà, ìdí sì nìyẹn tí ooru kì í fi í pa á.

Primer méjì tí gbogbo ayé ń lò fún 16S ni 27F, AGAGTTTGATCMTGGCTCAG, níbi tí M dúró fún A tàbí C, àti 1492R, GGTTACCTTGTTACGACTT. Ẹ jẹ́ ká fi ìkejì ṣírò. A àti T inú rẹ̀ jẹ́ 11, G àti C jẹ́ 8. Ẹ fún A tàbí T kọ̀ọ̀kan ní dígírì 2, ẹ fún G tàbí C ní dígírì 4: 22 àti 32 jẹ́ 54. Ní àyíká dígírì yẹn ni primer náà ti ń já kúrò lára DNA, ìdí sì nìyí tí ọ̀pọ̀ ètò fi ń lo 50 sí 55 fún lílẹ̀ rẹ̀. Bí ooru bá lọ sílẹ̀ jù, primer á máa lẹ̀ mọ́ ibi tí kò yẹ; bó bá ga jù, kò ní lẹ̀ rárá.

Fún àpòpọ̀ máíkírólítà 25, ẹ lo 12.5 master mix 2× (àpòpọ̀ tó ti ní Taq àti àwọn lẹ́tà DNA tí yóò lò), primer kọ̀ọ̀kan 1 láti inú èyí tó jẹ́ 10 µM, DNA 2, àti omi mímọ́ 8.5. Ẹ po gbogbo rẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan fún gbogbo túùbù yín, láìfi DNA sí i, kí ẹ tó pín in. Túùbù kan gbọ́dọ̀ gba omi dípò DNA. Ètò ẹ̀rọ: dígírì 95 fún ìṣẹ́jú 5, lẹ́yìn náà ìyípo 30, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 95 fún ìṣẹ́jú-àáyá 30 kí okùn lè ya, 55 fún ìṣẹ́jú-àáyá 30 kí primer lè lẹ̀, 72 fún ìṣẹ́jú-àáyá 90 kí Taq lè kọ lẹ́tà 1,500 náà, kí ó parí pẹ̀lú 72 fún ìṣẹ́jú 7. Bí gbogbo ìyípo bá ṣiṣẹ́ láìkù síbì kan, DNA kan yóò di 1,073,741,824. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìdọ̀tí kan.

Nítorí èyí, ẹ má ṣe po PCR lórí tábìlì tí ẹ ti ń ṣí túùbù PCR tó ti parí. Iná mànàmáná náà ṣe pàtàkì: iṣẹ́ yìí ń gba nǹkan bíi wákàtí méjì, ẹ má gbé e sórí ẹ̀rọ tí kò sí lórí UPS tàbí inverter, Taq tí fírísà rẹ̀ sì ti yọ́ léraléra kò yẹ ní ohun tí ẹ máa fi DNA tí ẹ ṣe wàhálà lé lórí dánwò.

Ìgbésẹ̀ keje: jẹ́ẹ̀lì

Ẹ yọ́ gíráàmù 1 agarose nínú mìlílítà 100 TAE, omi tí iná mànàmáná lè gbà kọjá, ẹ dà á, ẹ jẹ́ kó dì, kí ẹ sì rọ PCR yín sínú ihò rẹ̀ pẹ̀lú ladder, ìyẹn àwọn DNA tí a ti mọ gígùn wọn, ní ẹ̀gbẹ́ kan. DNA ní agbára òdì, nítorí náà ọ̀dọ̀ òpó rere ni yóò sáré lọ, èyí tó kúrú á sì yára ju èyí tó gùn lọ. Ethidium bromide tí wọ́n fi ń jẹ́ kó tàn lè da DNA ènìyàn náà rú, ìbọ̀wọ́ kò ṣeé fi ṣeré.

Ìlà kan ṣoṣo tó mọ́ ní nǹkan bí 1,500 ni ẹ ń wá, ihò omi sì gbọ́dọ̀ ṣófo. Bí ẹ bá rí ìlà fẹ́ẹ́rẹ́ nínú ihò omi, ẹ mọ̀ pé inú E. coli ni wọ́n ti ń ṣe ọ̀pọ̀ Taq tí wọ́n ń tà, ìyókù DNA E. coli sì lè wà nínú rẹ̀. Ìlà tó mọ́ kò túmọ̀ sí pé bakitéríà yín mọ́: 16S ti gbogbo bakitéríà fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn bákan náà, ìlà kan náà ni gbogbo wọn á sì wà.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: ẹ ka lẹ́tà náà, kí ẹ sì sọ orúkọ

Ọ̀nà tí Frederick Sanger gbé jáde ní ọdún 1977 ṣì ni wọ́n fi ń ka irú DNA kúkúrú báyìí. Kíkà kan kì í sábà kọjá lẹ́tà 700 sí 1,000, nítorí náà ẹ ní kí wọ́n kà á láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Kí ẹ tó gbé e lọ sórí BLAST, ètò orí íńtánẹ́ẹ̀tì tó ń fi lẹ́tà DNA yín wé èyí tí a ti mọ̀, ẹ ṣí àwòrán òkè kéékèèké rẹ̀, tí òkè kọ̀ọ̀kan dúró fún lẹ́tà kan, kí ẹ fi ojú ara yín wò ó, ẹ gé ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin tí kò mọ́lẹ̀ kúrò. Bí òkè méjì bá gun ara wọn lórí láti ibì kan lọ, ó ṣeé ṣe gan-an kí bakitéríà méjì wà nínú túùbù yín, orí àwo ìgbésẹ̀ kẹta sì ni àtúnṣe wà.

BLAST yóò to orúkọ sílẹ̀ fún yín. Ọ̀pọ̀ olùwádìí gbà pé bí ìjọra bá kéré sí 98.7%, ó yẹ kí ẹ̀yà méjèèjì yàtọ̀. Ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ máa ń gbàgbé ni pé ìjọra tó ju bẹ́ẹ̀ lọ kò fi dandan sọ wọ́n di ọ̀kan. 16S ti L. plantarum àti ti L. pentosus fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ohun kan náà, ìjọra wọn ju 99% lọ. Bó bá jẹ́ pé 16S nìkan lẹ kà, “ẹgbẹ́ L. plantarum” ni kí ẹ kọ, ẹ má ṣe kọ L. plantarum. Láti yà wọ́n, ẹ ṣe PCR mìíràn lórí jíìnì recA, tó yàtọ̀ dáadáa láàárín wọn.

Bí èrò yín bá jẹ́ láti fi bakitéríà náà ṣe ohun tí a ó máa dà sí ògì kó lè kan bákan náà nígbà gbogbo, orúkọ nìkan kò tó. Bakitéríà máa ń gbé plasmid, DNA kékeré olóbìírípo tó lè kọjá láti ara ọ̀kan sí òmíràn, jíìnì tó ń jẹ́ kí oògùn apakòkòrò má ràn án sì lè wà lórí rẹ̀. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lórí àwo pẹ̀lú àwọn oògùn náà, kí ẹ wá àwọn jíìnì rẹ̀ pẹ̀lú PCR, kí ẹ sì kọ èsì méjèèjì sí ojú ewé kan náà pẹ̀lú nọ́ńbà túùbù glycerol tó wà nínú fírísà.